Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Ó ti lé ní ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí òjò máa ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé. Nínú gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n ń gbé wá fún mi, kò sí èyí tó sú mi tó èyí tó dá lórí àǹfààní tí èèyàn ń rí nínú Fesibúùkù àti Wasáàpù. Mo ti tẹ irú rẹ̀ tó mọ́kànlá. Ẹnu kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Èkíní, ó ń jẹ́ kí èèyàn rí ẹni tó ti sọnù sí i. Èkejì, ó ń jẹ́ kí ọjà tà. Ẹ̀kẹta, kì í jẹ́ kí ẹni tó dá wà rántí pé òun dá wà. Mo mọ̀ ọ́n lórí bí àdúrà Olúwa. Ṣùgbọ́n láti ọdún tí mo ti mọ Ìyá Efire, bí mo bá dé orí èkíní yẹn, mo máa ń dìde lórí àga, n ó sì lọ mu omi.

Rẹ̀mí ni orúkọ mi. Ẹ rí i bí ó ṣe rọrùn láti sọ tó.

Ẹja yíyan ni Ìyá Efire ń tà. Efire létí ọ̀sà, ní ìhà Ogun Waterside, ni wọ́n ti bí i, àwọn ará ilé rẹ̀ níbẹ̀ ló sì ń fi ẹja ránṣẹ́ sí i. Ó máa ń kó o sínú agbọ̀n, á fi ìwé ìròyìn bò ó, á wá máa gbé e láti ọ́fíìsì olùkọ́ kan sí òmíràn nínú ọgbà yunifásítì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa. Aláàdúrà ni, irú èyí tí kì í wọ bàtà lọ́jọ́ ìsìn. Ìjọ náà ló sọ ọ́ ní Sarah nígbà tí wọ́n rì í bọmi ní Ìbìàdé, lẹ́yìn tí ilé ọkọ ti dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù kejì ọdún 2019, ó wọlé, ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó yọ fóònù kan nínú aṣọ tó fi wé e, ó gbé e sórí tábìlì mi. Ó ní olùkọ́ kan tó ra fóònù tuntun ló fún òun ní ti àtijọ́. Ó ní kí n bá òun fi Fesibúùkù sí i.

"Ẹ̀yin náà, Ìyá?" mo ní. "Ọkọ lẹ fẹ́ wá ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹnì kan ni mo ń wá, Rẹ̀mí. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí èèyàn."

Orí mi wú. Mo sọ fún un pé ibi tó yẹ kó wá ló wá. Mo ka àǹfààní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ wọ́n, bí ẹni pé èmi ni mo dá Fesibúùkù sílẹ̀. Mo wá béèrè orúkọ ẹni tó ń wá.

"Adúmáradán," ó ní.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run mi, kí ẹ rí àwọn Adúmáradán tó tú jáde. Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo wọn. Ẹni àkọ́kọ́ tó yọ ń ta ọṣẹ tó ń bó èèyàn lára di pupa, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Adúmáradán láìtijú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo pa á dé, mo ní, "Ìyá, orúkọ àbísọ ni mo ń béèrè. Èyí tí wọ́n fi kó o jáde."

Ó ní, "Mi ò lè pè é. Wọ́n ti bí i kí n tó wọ ulé."

"Ulé" ni wọ́n ń pe ilé lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin náà sì mọ àṣà ọ̀hún. Ọmọ yòówù tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́ tó ń rá, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Yóò wá orúkọ ẹ̀yẹ fún un ni. Àwọn ìyá wa ṣe é, àwa náà ṣe díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá èèyàn lórí ayélujára, tí kò sì fẹ́ pe orúkọ ẹni náà, èmi kò rí irú rẹ̀ rí. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó ní òun yóò padà wá.

Ó ń padà wá lóòótọ́. Ọjọọjọ́rú ló ń wá fi iná sí fóònù lọ́dọ̀ mi, ibi tó sì ti ń dúró dè é ló ti ro ìtàn náà fún mi, díẹ̀díẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti lọ sílé ọkọ, ní ọdún 1974, ní ilé àwọn onígbàgbọ́ ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n kàwé. Tíṣà ni ọkọ rẹ̀. "Tíṣà" náà ló sì ń pè é títí ó fi kú. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, "Akọ̀wé" ló ń pè é. Àbíkẹ́yìn ilé jẹ́ obìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà, dúdú, awọ ara rẹ̀ ń dán. Ìyá wọn ti kú. Ẹ̀yìn ìyàwó tuntun ni ọmọ náà ń sùn láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Òun ló sọ ọ́ ní Adúmáradán. Ọmọ náà kò pè é ní ohun mìíràn ju "Ìyàwó", bí gbogbo ilé ṣe ń pè é.

Ìyá Efire kò bímọ. Ó sọ èyí fún mi bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ tán nílé. Adúmáradán ló fi ṣe ọmọ. Nígbà tí ọmọ náà wọ yunifásítì níbí, ẹja ni Ìyàwó ń gbé wá fún un láti Ìjẹ̀bú-Igbó, á sì dúró kó bá a fọ aṣọ rẹ̀ kó tó padà. Ó ní, "Ó máa ń bínú pé ẹja mi ń rùn mọ́ ìwé òun lára. Á sì jẹ ẹ́ tán."

Ní 1991, nígbà tí Adúmáradán wà ní Sókótó tó ń sin ilẹ̀ baba rẹ̀, Tíṣà ṣubú nínú kíláàsì, kò sì dìde mọ́. Wọ́n sin ín kí ìròyìn tó dé Sókótó. Kò tí ì pé ogójì ọjọ́ tí Akọ̀wé fi sọ fún Ìyàwó pé kó kó ẹrù rẹ̀, pé obìnrin tí kò bímọ kò ní yàrá nínú ilé àwọn. Nígbà tó ní kí wọ́n jẹ́ kí Adúmáradán dé ná, Akọ̀wé ní, "Òun gan-an ló kọ̀wé pé kí o máa lọ."

Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin náà gbà á gbọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ní bó bá ṣe pé ẹja Efire tí òun gbé lórí ni Adúmáradán fi kàwé, kí ọmọ náà má rí ẹni tí yóò pè é ní ìyá láé. Ẹ̀yìn náà ló lọ sí Efire, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ilé yẹn wá béèrè òun, kí wọ́n ní àwọn kò mọ ibi tí òun wà. Ó gbé Ìbìàdé fún ọdún púpọ̀ kó tó wá sí Àgọ́-Ìwòyè, ibi tó ti máa ń fọ aṣọ fún ọmọ náà rí.

Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Akọ̀wé, tó wà lórí àìsàn tó pa á, ránṣẹ́ pè é láti ọwọ́ ẹnì kan tó rí i níbi tó ti ń ta ẹja. Ó jẹ́wọ́. Ó ní àbúrò àwọn kò mọ ohunkóhun sí i. Pé nígbà tí Adúmáradán dé tó bá yàrá Ìyàwó lófìfo, wọ́n sọ fún un pé ó ti lọ fẹ́ ọkọ mìíràn. Nígbà tó mọ̀ pé irọ́ ni, ó bá gbogbo ilé jà, ó jáde, kò sì padà mọ́. Wọ́n ní ó ti ré òkun kọjá. Akọ̀wé kú lọ́sẹ̀ kejì.

"Ẹyin lohùn, Rẹ̀mí," Ìyá Efire ní. "Mo ti jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo gbà pé tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi pé mo ti mú èpè náà kúrò, yóò kúrò. Ohun tí mo ń wá a fún nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí ó fún mi ní nǹkan kan."

Èmi ní kí ó pe orúkọ. Òun ní kí n wá a láìpe orúkọ. Ibẹ̀ la wà.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí n kò lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti ibí síbẹ̀, kí èèyàn tó mu piọ̀wọ́tà kan tán, ó ti débẹ̀. Ṣé ilé tíṣà tó fẹ́ ọmọ Efire yóò nira láti rí? Òtítọ́ ni n ó sọ: agídí ni. Mo fẹ́ kí ó pè é. Mo ń wò ó bí ará ayé àtijọ́ tí mo gbọ́dọ̀ là lójú. Mo máa ń sọ fún un pé, "Fesibúùkù kò mọ ìyàwó ilé o, Ìyá. Orúkọ ló mọ̀." Á sì dáhùn pé, "Èmi mọ ilé tí mo ti wá."

Nígbà tó yá, a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, àwọn àǹfààní yòókù sì ń wọlé. Mo fi orúkọ Sarah ṣí ojú ewé fún un. Kò jẹ́ kí n fi àwòrán ojú rẹ̀ síbẹ̀, ó ní wòlíì ìjọ àwọn kìlọ̀ fún òun nípa ojú ọ̀tá. Ẹja ló ní kí n yà, ẹja mẹ́ta lórí àwo. Ọjà ń tà lórí Wasáàpù rẹ̀ débi pé kò gbé agbọ̀n wọ ọgbà yunifásítì mọ́. Àwọn olùkọ́ ló ń ránni wá. Ìjọ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀ lórí fóònù, ní agogo márùn-ún àárọ̀ á sì ti máa dáhùn àmín sí i. Bí àjàkálẹ̀ àrùn ṣe dé tí wọ́n ti ilé ìsìn pa, àdúrà yẹn kò dáwọ́ dúró. Ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gba ọpẹ́ náà, mo tún ń gbéra ga.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni àìsàn kan gbé e dè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn rẹ̀, ó ti rù, ọ̀pá ló fi ń rìn. Kò gbé fóònù sórí tábìlì. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó béèrè pé ọwọ́ ibo ni Ìjẹ̀bú-Igbó wà. Mo nawọ́ sí ọ̀nà ibẹ̀, ó sì kọjú síbẹ̀.

"Ẹ̀yin onílé mi," ó ní, "Bàbá, Ìyá, Tíṣà, ẹ foríjì mí. Kì í ṣe àrífín. Ọ̀nà mìíràn kò sí mọ́."

Nígbà tó pè é, ohùn rẹ̀ kéré débi pé mo ní láti tẹ etí sílẹ̀.

"Adéfọlá. Adéfọlá Bùsúyì."

N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ tì í.

Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ọdún mẹ́ta àbọ̀ ni a fi ń jà lórí ohun tí kò gba ìṣẹ́jú kan. Obìnrin dúdú kan yọ, ó wé gèlè aláwọ̀ ewé, ilé bíríkì pupa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Efire gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "Òun ni," ó ní. "Wo eyín rẹ̀. Òun ni."

Èmi kò wo eyín. Àwòrán àbẹ́là tí wọ́n gbé sí ìsàlẹ̀ ni mo rí, àti àwọn tó ń kọ ọ́ pé sùn-un-re o, ó dìgbà. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ lókè òkun ló kéde rẹ̀. Ó ti kú ní oṣù kejì ọdún 2021. Ọkọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ jókòó." Ó jókòó. Mo ní, "Ìyá, Ọlọ́run ló ni wá." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí. Kò ké. Ó kàn ń mi orí síwájú sẹ́yìn, ó ń pe orúkọ náà ní àpètúnpè, Adéfọlá, Adéfọlá, orúkọ tí kò pè láti ọdún méjìdínláàádọ́ta.

Ó ní kí n ka gbogbo ohun tí ọmọ náà kọ nígbà ayé rẹ̀ fún òun. Ǹ bá má ti fa ojú ewé náà sísàlẹ̀. Àwòrán àtijọ́ kan wà níbẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ru agbọ̀n, ọmọbìnrin tó wọ aṣọ ilé ìwé di ìró rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìyí, mo sì kà á fún un:

"Mo ń wá Ìyàwó. Ọmọ Efire ni. Òun ló tọ́ mi dàgbà. Mo ti lọ sí Efire lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní àwọn kò mọ ibi tó wà. Ẹni tó bá rí i, kó jọ̀wọ́ sọ fún un pé Adúmáradán ń wá a."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti gbé e síbẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀," Ìyá Efire ní. "Ní Efire. Èmi ni mo rán wọn."

Mo fẹ́ tètè kúrò lórí ojú ewé náà, ó di ọwọ́ mi mú. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà mọ nọ́ńbà. Ó gbé ìka lé ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ tó gbé ti ìkẹyìn síbẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni.

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù yìí," ó ní, "ó ṣì wà láyé."

Mo bu omi fún un.

Kò mu ún. Ó wá béèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀rù pé yóò béèrè. "Ọmọ mélòó ló bí?"

Mo ti ka ìkéde náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dárúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú, wọ́n dárúkọ ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Mo wo obìnrin yìí, gèlè rẹ̀ tó ti tú fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, mo ní, "Méjì, Ìyá. Obìnrin làwọn méjèèjì."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Kí lorúkọ wọn?"

Èmi tí mo ti ń fi orúkọ yọ ọ́ lẹ́nu láti ọdún mẹ́ta! Èyí tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni mo mú. "Grace," mo ní. "Grace àti Hannah."

"Grace àti Hannah." Ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó dúpẹ́ pé Olúwa kò gba ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ tó ti ẹnu òun jáde. Ó sunkún nígbà náà, ẹkún tó ṣẹ́ mi lápá.

Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mo tún tẹ Adúmáradán, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọlọ́ṣẹ yẹn ló tún kọ́kọ́ yọ. Mo kọjá rẹ̀, mo kọjá ẹni tó ń ta òróró ìpara, mo kọjá oníkíríìmù, mo sì ń sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn ẹni kọkànlélógún, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà yọ pẹ̀lú agbọ̀n lórí, ọmọ di ìró rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà kọ ní 2017 ni. Ó ti wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí mo rẹ́rìn-ín tí mo sì pa á dé. Orúkọ tí Ìyá Efire fún mi kò burú rárá. Èmi ni n kò wò ó dé ìsàlẹ̀.

N kò tí ì sọ èyí fún un. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Mo ń retí ọjọ́ náà, mo sì ń gbàdúrà pé kí ikú Ìyá Efire ṣáájú rẹ̀. Ẹ wo irú àdúrà tí mo wá ń gbà.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó dé ní àárọ̀ kùtù. Ó ti wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun ìjọ rẹ̀, ó sì mú ẹja dání fún mi. Ó fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó jókòó.

"Bá mi wá wọn," ó ní.

"Àwọn ta, Ìyá?"

"Àwọn ọmọ mi. Àwọn wọ̀nyí, mo lè pè wọ́n. Ẹ̀yìn tí mo ti wọ ulé ni wọ́n bí wọn." Ó tún ara ṣe lórí àga, ó gbé ohùn sókè kí n má baà ṣì í gbọ́. "Grace," ó ní. "Hannah."

Mo gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ọjọọjọ́rú la ṣì ń wá wọn.